Bí a ṣe ń wẹ̀ ní Japan: nínú ilé onílé, ní ilé ìwẹ̀ àdúgbò àti nínú ìsun omi gbígbóná

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ ní Japan ń béèrè ṣáá: "Wọ́n mú mi dé balùwẹ̀. Mo rí ọpọ́n tó kún fún omi gbígbóná, mo rí ṣáwà lára ògiri, mo tún rí àpótí kékeré àti ike ìbomi nílẹ̀. Ibo gan-an ni kí n ti wẹ̀?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, níta ọpọ́n, ni ẹ ó ti fọ ara yín mọ́ tónítóní. Ẹ̀yìn ìgbà tí ara bá mọ́ tán lẹ tó ń wọ inú ọpọ́n, ìsinmi ló sì wà fún. Ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kan omi yẹn, ìdọ̀tí kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí omi kan náà ni gbogbo ará ilé máa wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ti fi korobá àti ike wẹ̀ rí ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹni tó dàgbà sí London tàbí Houston, tó máa ń da ọṣẹ sínú omi tó jókòó sí, ló ní ohun tó gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Ẹ mọ balùwẹ̀ náà kí ẹ tó bọ́ṣọ

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Japan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dá dúró, balùwẹ̀ dá dúró. Yàrá ìbọ́ṣọ kékeré kan ló máa ń wà níwájú balùwẹ̀, níbi tí àwo ìfọwọ́ àti ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Gbígbẹ ni ilẹ̀ yàrá yẹn gbọ́dọ̀ máa wà. Tí ẹ bá ti ré ilẹ̀kùn kejì kọjá, ẹ ti wọ ibi tí omi ti lè dà sí gbogbo ilẹ̀ àti ògiri láìṣe nǹkan kan, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ lọ sí ojú ihò tí omi ń gbà jáde.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò:

- Ṣé ibi ìfọra wà níta ọpọ́n? Tó bá wà, ìlànà ìsàlẹ̀ yìí ni kí ẹ tẹ̀ lé.
- Ṣé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ọpọ́n? Ó yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ lọ sí apá tó sọ̀rọ̀ nípa yàrá òtẹ́ẹ̀lì.
- Ṣé ìdérí wà lórí ọpọ́n? Omi gbígbóná ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jókòó lé e, ẹ má gbé nǹkan lé e, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ gùn ún.

Sálúbàtà tí ẹ bá rí nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ ni kó dúró sí. Ẹ má wọ̀ ọ́ jáde.

Nínú ilé onílé: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

1. Tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀, ẹ gbà. Àlejò ni wọ́n sábà máa ń fún ní omi àkọ́kọ́. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé á fẹ́ kọ̀, á ní kí bàbá tàbí ìyá ilé ṣáájú. Ẹ má fà á gùn, torí pé bí ẹ ṣe ń kọ̀ ni omi ń tutù. Ẹ sọ pé "osaki ni" láti fi tọrọ àyè, kí ẹ sì máa lọ.

2. Ẹ bọ́ gbogbo aṣọ sí yàrá ìbọ́ṣọ. Aṣọ ìnura ńlá dúró síbẹ̀, kékeré ni kí ẹ mú wọlé. Ẹ ti ilẹ̀kùn kí ooru má bàa jáde.

3. Ẹ ká ìdérí sókè díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kan omi. Láàárín 40°C sí 42°C ló sábà máa ń wà. Fún ẹni tí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ti mọ́ lára, yóò dà bíi pé ó gbóná jù. Ẹ má tíì bu omi tútù sí i, nítorí ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ara yín máa gbà á tí ẹ bá tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ tó kàn.

4. Ẹ fi omi ṣan àpótí, kí ẹ jókòó. Ẹ fi ike bu omi, kí ẹ dà á sí ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà orúnkún, ìdí, apá, kí ẹ tó wá dà á sí èjìká. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ooru má bàa ká ọkàn yín mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

5. Ẹ fọ irun, ẹ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ gbogbo ara. Ìjókòó ni kí ẹ wà. Ẹni tó bá dúró á máa ta ọṣẹ sínú ọpọ́n láìmọ̀. Tí ọpọ́n bá sún mọ́ yín jù, ẹ dá ìdérí padà sórí rẹ̀ títí ẹ ó fi parí.

6. Ẹ ṣan ara yín dáadáa: ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Tí ara bá ṣì ń yọ̀, ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀.

7. Ẹ di etí ọpọ́n mú, kí ẹ wọlé jẹ́jẹ́. Ẹ ká orúnkún, kí ẹ jẹ́ kí omi dé àyà tàbí èjìká. Ẹ má ha ara nínú rẹ̀, ẹ má rẹ irun sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ìgbà àkọ́kọ́, mẹ́wàá sì ti tó fún ẹnikẹ́ni.

8. Ẹ dìde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dìde lójijì nínú omi gbígbóná, òòyì lè kọ́ ọ.

9. Ẹ ṣa irun tó bá léfòó kúrò nínú omi, kí ẹ dá ìdérí padà. Ẹ má ṣe yọ ohun tó dí ihò ọpọ́n.

10. Ẹ fi ṣáwà ṣan ilẹ̀ àti àpótí, kí ẹ da ojú ike dé. Ẹ fi aṣọ kékeré nu omi ara yín nínú balùwẹ̀ níbẹ̀, kí ilẹ̀ yàrá ìbọ́ṣọ má bàa rin.

Tí ẹ bá jáde, ẹ sọ fún onílé pé "ii oyu deshita". Omi náà dára lẹ ń sọ yẹn, inú wọn á sì dùn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wẹ̀ kẹ́yìn, ẹ béèrè kí ẹ tó da omi nù. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi omi yẹn fọ aṣọ lọ́jọ́ kejì: ọ̀pá rọ́bà kan máa ń fà á láti ọpọ́n bọ́ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Fífọ ni wọ́n ń lò ó fún. Omi ẹ̀rọ tó mọ́ ni wọ́n fi ń ṣan aṣọ náà gbẹ̀yìn.

Àwọn bọ́tìnnì ara ògiri

Ìbẹ̀rù pọ̀ lórí èyí, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ya àwòrán àtòjọ yìí sínú fóònù yín:

- 自動: ó máa pọn omi gbígbóná sínú ọpọ́n títí dé ìwọ̀n tí wọ́n fi sí, á sì dúró fúnra rẹ̀. Ẹ rí i pé ihò ọpọ́n ti dí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.
- 追いだき: ó máa mú omi tó ti tutù gbóná padà. Ooru máa jáde lójú ihò kan lára ọpọ́n, ẹ gbé ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn yín jìnnà sí i.
- たし湯: ó máa fi omi gbígbóná díẹ̀ kún un.
- 優先: ó máa jẹ́ kí ẹni tó wà ní balùwẹ̀ lè yí ìgbóná omi padà, dípò ẹni tó wà ní ilé ìdáná.
- 呼出: aago ìpè ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dún ní ilé ìdáná, onílé á sì sáré wá wò yín. Ẹ lò ó láìtijú tí ara yín kò bá yá.
- 換気: fáànù tó ń fa ooru omi jáde.
- 乾燥: atẹ́gùn gbígbóná tó ń gbẹ yàrá náà, ẹ lè sá aṣọ síbẹ̀ ní ìgbà òjò.

Yàrá òtẹ́ẹ̀lì kékeré: ibi tí ìlànà ti yí padà

Ní òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú àti ní àwọn yàrá ìyágbé tó há, ọpọ́n, àwo ìfọwọ́ àti àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lè wà pa pọ̀ nínú yàrá ike kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń ṣe gbogbo rẹ̀, wọn á sì wá tò ó pọ̀ síbi tó máa wà. Irú rẹ̀ tí iléeṣẹ́ TOTO ṣe fún Hotel New Otani ní Tokyo, kí ìdíje Òlíḿpíìkì 1964 tó bẹ̀rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di mímọ̀.

Níbẹ̀, inú ọpọ́n ni kí ẹ ti fọ ara. Kò sí ibi ìfọra míì, ẹlòmíì kò sì ní wọ omi yín.

1. Ẹ fa kọ́tìnnì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọpọ́n.
2. Tí ẹ bá fẹ́ jókòó nínú omi gbígbóná, ẹ ṣe é ṣáájú ọṣẹ.
3. Ẹ da omi náà nù, kí ẹ wá fi ṣáwà àti ọṣẹ wẹ̀.
4. Ẹ fi omi ṣan ọpọ́n, kí ẹ nu ilẹ̀ tó bá rin.

Ìwé ìnùdí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀. Tí kọ́tìnnì bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa rin gbìndìn.

Ilé ìwẹ̀ àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní sento

Tí ẹ bá rí aṣọ tó rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n kọ ゆ sí lára, ẹ ti dé ibẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tí sento lè gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n sọ ọ́ di 550 yen (owó Japan) fún àgbàlagbà ní Tokyo. Ọ̀pọ̀ kì í ṣí àfi ọ̀sán, wọn á sì wà níbẹ̀ di alẹ́ pátápátá. Ó dùn mọ́ mi pé irú ibẹ̀ ṣì wà, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀gá iléeṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó sínú omi kan náà láìsí aṣọ tó máa fi ẹnì kan hàn bí ẹni tó ju ẹnì kejì lọ.

*Ohun tí ẹ ó mú lọ:*
- owó wẹ́wẹ́, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gba káàdì
- aṣọ ìnura méjì, ńlá kan àti kékeré kan (ọ̀pọ̀ ibẹ̀ máa ń yá ènìyàn tàbí kí wọ́n tà á)
- ọṣẹ, ṣampú, kànìnkànìn
- àwọ̀tẹ́lẹ̀ mímọ́
- ohun tí ẹ ó fi di irun sókè

*Ìgbésẹ̀:*

1. Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ fi í sínú àpótí bàtà, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.
2. Ẹ sanwó.
3. Ẹ wo àmì kí ẹ tó wọlé: 男 ni ọkùnrin, 女 ni obìnrin. Àmì yẹn ni kí ẹ gbára lé. Àwọ̀ aṣọ ẹnu ọ̀nà lè tàn yín jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé kan máa ń pààrọ̀ ìhà ọkùnrin àti obìnrin láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ kà á lójoojúmọ́.
4. Ẹ bọ́ gbogbo aṣọ. Pátá kò sí níbẹ̀, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ náà kò sí. Ẹ tì í sínú àpótí, kí ẹ so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ tàbí ọrùn ẹsẹ̀. Fóònù yín kò gbọ́dọ̀ yọ jáde rárá láti ibí lọ.
5. Aṣọ ìnura kékeré nìkan ni kí ẹ mú wọlé. Ẹ lè fi bo iwájú bí ẹ ṣe ń rìn.
6. Ẹ wá ibi tó ṣófo níwájú ẹ̀rọ omi. Tí ọṣẹ tàbí ike ẹnì kan bá wà níbẹ̀, ó ti ní onílé. Ẹ ṣan àpótí, kí ẹ jókòó, kí ẹ fọ ara láti orí dé ẹsẹ̀. Pupa ni bọ́tìnnì omi gbígbóná, búlúù ni ti omi tútù. Omi pupa yẹn lè bó ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ pò ó pọ̀ nínú ike.
7. Ẹ má ta omi sára ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tàbí lẹ́yìn yín. Ẹ wẹ̀ lórí ìjókòó.
8. Ẹ ṣan ibi tí ẹ lò, kí ẹ dá àpótí àti ike padà.
9. Ẹ wọ omi jẹ́jẹ́. Aṣọ kékeré kò gbọ́dọ̀ kan omi. Ẹ ká a lé orí tàbí kí ẹ gbé e sẹ́bàá ọpọ́n.
10. Kí ẹ tó padà sí yàrá ìbọ́ṣọ, ẹ fún aṣọ kékeré, kí ẹ fi nu ara. Ẹni tó bá jáde pẹ̀lú omi tó ń kán tótótó ló ń bí àwọn àgbà ibẹ̀ nínú jù.

Nípa ìtìjú: ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ wa pé gbogbo ojú máa wà lára wa. Ọmọdé lè wò yín díẹ̀, nítorí pé ó lè má tíì rí aláwọ̀ dúdú nítòsí rí. Àwọn àgbà á mi orí kí yín, wọn á sì gbájú mọ́ ìwẹ̀ wọn. Tí àgbàlagbà kan bá tọ́ yín sọ́nà, ẹ tẹ orí ba, kí ẹ ṣe ohun tó wí. Ìrànlọ́wọ́ ló ń ṣe, kì í ṣe ìwọ̀sí.

Àwọn tó bá mú ọmọ lọ: ìlànà tí ìjọba tún ṣe ní 2020 ni pé ọmọ tó bá ti tó nǹkan bí ọdún méje kò gbọ́dọ̀ bá òbí rẹ̀ wọ ìhà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ tó ṣì ń lo nápì kò gbọ́dọ̀ wọ omi àjọlò.

Ìsun omi gbígbóná, tí wọ́n ń pè ní onsen

Ìgbésẹ̀ kan náà ni. Omi ló yàtọ̀, torí ilẹ̀ ló ti ń tú jáde, pẹ̀lú àwọn èròjà inú ilẹ̀. Beppu àti Kusatsu wà lára àwọn ìlú tí òkìkí wọn kàn jù. Owó orí ìwẹ̀ máa ń wà lórí owó tí ẹ bá san, 150 yen ló sì wọ́pọ̀. Ẹ fiyè sí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Ẹ bọ́ ẹ̀gbà, yẹtí àti òrùka. Imí-ọjọ́ inú omi á sọ fàdákà di dúdú ní wéré.
- Òórùn bí ẹyin ọ̀bu kì í ṣe àmì pé omi bàjẹ́. Imí-ọjọ́ náà ni.
- Omi àwọn ibì kan máa ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ti Kusatsu kan gan-an, ti Tamagawa ní ìpínlẹ̀ Akita sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú, ẹ má wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọgbẹ́ tàbí kété tí ẹ bá fá irun ara tán. Ẹ fi omi lásán ṣan ara tí ẹ bá jáde.
- Tí omi bá rọ̀ lára, ọ̀pọ̀ ará Japan kì í ṣan ara mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí èròjà omi lè dúró lára. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀.
- Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ìbọ́ṣọ ló ń sọ ohun tó wà nínú omi àti àìsàn tí kò bá a mu. Ẹ ya àwòrán irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí fóònù lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀.

*Àwọn tó fín ara.* Ọ̀pọ̀ onsen kì í gba ẹni tó fín ara, torí ojú ọmọ ìta ni wọ́n fi ń wo ìfínra láti ìgbà pípẹ́. Wọn kì í bi yín bóyá fínfín ìbílẹ̀ ni tàbí ti ìgbàlódé. Làálì tó bá ṣì dúdú lára náà lè dá ìbéèrè sílẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Tó bá kéré, ibòmíràn máa ń gbà kí ẹ fi pílásítà tó ní àwọ̀ ara bò ó. Ní ìlú Kinosaki, àwọn ilé ìwẹ̀ àjọlò ń gba ẹni tó fín ara. Sento àdúgbò náà kì í sábà yọ ènìyàn lẹ́nu lórí èyí. Ní ti ilà ojú, àpá ni, kì í ṣe ìfínra, kò sí ìdí tí ẹ ó fi bò ó.

Irun àti awọ ara wa

Ibí yìí ni ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn ará ibẹ̀ kì í dé.

Irun dídì, wíìfù àti gígùn kò gbọ́dọ̀ kan omi ọpọ́n. Ẹ dì í sókè pátápátá, kí ẹ dé fìlà ìwẹ̀ onírọ́bà tàbí kí ẹ fi aṣọ kékeré wé e. Tí ẹ kò bá ní í fọ irun lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa fi dandan mú yín, níwọ̀n ìgbà tí irun kò bá ti kan omi. Wíìgì ni kí ẹ bọ́ sínú àpótí aṣọ.

Ẹ má fi òrí, àdí àgbọn tàbí ìpara kankan pa ara kí ẹ tó wọ omi, nítorí òróró máa léfòó. Tó bá ti wà lára láti àárọ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọṣẹ dúdú dára, àmọ́ ẹ fi í sínú ike kékeré tó ní ìdérí, torí pé ó máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì ṣan ilẹ̀ dáadáa. Òrí wúlò gan-an lẹ́yìn ìwẹ̀: omi gbígbóná máa ń gbẹ awọ ara, ìgbà òtútù Japan sì gbẹ. Inú yàrá ìbọ́ṣọ ni kí ẹ ti fi í para.

Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ omi àjọlò. Ẹ lo ṣáwà nìkan.

Tí ẹ kò bá fẹ́ bọ́ra níwájú ẹlòmíì

Ẹ̀sìn lè wà nídìí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìfẹ́ ọkàn yín. Ẹ kò ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

- Ẹ béèrè "kashikiri-buro" tàbí "kazoku-buro". Balùwẹ̀ onsen tí ẹ̀yin àti ẹbí yín máa dá lò fún àkókò díẹ̀ ni. Èyí ni mo gba àwọn Mùsùlùmí àti tọkọtaya níyànjú jù.
- Ẹ gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó ní ọpọ́n onsen tirẹ̀. Ó wọ́n ju ti lásán lọ.
- Ẹ wá "ashiyu", ibi tí wọ́n ti ń ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ó wà lójú pópó ní ọ̀pọ̀ ìlú onsen, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ kàn máa ká ṣòkòtò sókè ni.
- Obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọmú fún lè béèrè bóyá wọ́n gba "yuami-gi", aṣọ ìwẹ̀ tí wọ́n ṣe fún irú ipò yẹn. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ń gbà á.

Ìkìlọ̀ lórí ìlera

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo apá yìí. Àwọn tó ń kú sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní Japan kò kéré, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, ìgbà òtútù ló sì burú jù. Ara tó tutù nínú yàrá ìbọ́ṣọ, tó wá bọ́ sínú omi gbígbóná lójijì, máa ń jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gòkè kó tún já wálẹ̀. Ènìyàn á dákú sínú omi, kò ní í lè pariwo. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn oníbàárà níbẹ̀ gbà wá níyànjú pé kí omi má ju 41°C lọ, kí a má sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú rẹ̀.

- Ẹ mú yàrá ìbọ́ṣọ àti balùwẹ̀ móoru kí ẹ tó bọ́ṣọ.
- Ẹ má wọ omi lẹ́yìn ọtí, ẹ má wọ̀ ọ́ kété tí ẹ bá jẹun yó tán.
- Ẹ sọ fún ará ilé pé ẹ fẹ́ wẹ̀. Tí àgbàlagbà bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn.
- Ẹ mu omi ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀.
- Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, àti aboyún, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lọ.
- Tí ẹ bá bá ènìyàn tó dákú nínú ọpọ́n, ẹ yọ ohun tó dí ihò kí omi lè fà, ẹ gbé ojú rẹ̀ sókè, kí ẹ pe 119.
- Níbi tí ọmọ kékeré bá wà, ẹ da omi nù lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ìdérí kò lè gbà á là.

Tí ẹ bá yá ilé: ìtọ́jú balùwẹ̀

Ògiri balùwẹ̀ ibẹ̀ máa ń tètè bu, àwọn àmì dúdú kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín ike àti rọ́bà. Onílé lè yọ owó rẹ̀ lára owó ìdúró yín nígbà tí ẹ bá ń kó jáde.

1. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná ṣan ọṣẹ kúrò lára ògiri, kí ẹ wá fi omi tútù ṣan án.
2. Ẹ fi rọ́bà ìfami nu omi ara ògiri.
3. Ẹ tan 換気 sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn.
4. Ẹ ṣí ojú ihò ilẹ̀, kí ẹ yọ irun inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń lo irun àfikún lè ní láti ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe po ọṣẹ oníbílíìṣì pọ̀ mọ́ èyí tó kan bí ọtí kíkan. Gáàsì olóró ló máa jáde, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá kékeré. 「まぜるな危険」, ìyẹn "ẹ má pò ó pọ̀, ewu ni", ni wọ́n kọ gàdàgbà sára ike wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ irú rẹ̀ sílé yín ní Nàìjíríà

Balùwẹ̀ tiwa ti sún mọ́ ọn tẹ́lẹ̀: ilẹ̀ rin, omi wá ihò rẹ̀ lọ. Ohun tó kù ni kí ẹ gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi àyè gbígbẹ síwájú rẹ̀, kí omi má sì jò wọ ògiri. Ẹ bá bíríkìlà àti oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ pa pọ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré:

- Kí ilẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ojú ihò, sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ da omi sí i, kí ẹ wò ó kí wọ́n tó lẹ táìlì.
- Kí wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé kun ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri ṣáájú táìlì. Táìlì nìkan kì í dá omi dúró.
- Kí páìpù ihò ilẹ̀ ní kọ́nà tí omi ń dúró sí, kí òórùn kòtò ìdọ̀tí má bàa gba ibẹ̀ wọlé.
- Kí táìlì ilẹ̀ jẹ́ èyí tí kì í yọ̀.
- Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọpọ́n máa wà, ẹ bi ẹnjiníà kọ́kọ́. Ọpọ́n tó gba 250 lítà omi ti wúwo tó 250 kílò, láì tíì ka ọpọ́n fúnra rẹ̀ àti ẹni tó máa jókòó sínú rẹ̀.

Ẹni tí owó tàbí omi kò tó fún ọpọ́n lè fi korobá àti àpótí wẹ̀ bó ṣe ń wẹ̀, kó wá ki ẹsẹ̀ bọ agbada ike tí omi inú rẹ̀ wà ní nǹkan bí 40°C, tó ga dé agbede méjì ojúgun, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹni náà bá ní àtọ̀gbẹ, ẹlòmíì ni kó fi ìgúnpá dán omi wò fún un, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ̀ pé omi ń bó òun.